BEC tó lé hááfù kọ́ráǹtì kúrò nínú crawler mi

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni, lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin wà ní Crush Rock ní Mpape, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀ kí omi tó gba inú kòtò rẹ̀. Crawler mi, ọkọ̀ kékeré onírímóòtù, ti gun òkúta kan dé ìdajì. Táyà iwájú lápá òsì wọ àárín òkúta méjì, ó há síbẹ̀. Mo yí rímóòtù sí ọ̀tún kí táyà lè yọ. Táyà gbọ̀n díẹ̀, ó dúró. Iná pupa ara rìsífà, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń gba àṣẹ rímóòtù, ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ọkọ̀ dákẹ́ pátápátá, kò gbọ́ ti rímóòtù mọ́. Ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó wá takìtì, ó forí sọlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, servo yín ti jó," ni àbúrò mi wí.

Servo ni ẹ̀rọ kékeré tó ń yí táyà iwájú. Kò jó. Nígbà tí mo fi máa sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀, iná rìsífà ti tún tàn, táyà sì ń yí sọ́tùn-ún sósì geere bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Servo méjì ni mo ti pààrọ̀ kó tó di ọjọ́ náà, owó mi sì ti lọ. Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yẹn kò sí nínú servo rárá. Ebi iná ló ń pa á.

Ọjà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni CC BEC 10A, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín iná bátìrì fún rìsífà àti servo, tí Castle Creations ti ìlú Olathe ní Kansas, Amẹ́ríkà, ń ṣe. Mo ti lò ó fún oṣù márùn-ún báyìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá kàn sọ pé ó dára kí n sì dákẹ́, kò ní wúlò fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń kú lórí òkúta lọ́wọ́lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń sọ fún un pé kó lọ ra servo tó tún tóbi jù ú lọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀nà tí mo gbà débẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: crawler ni ọkọ̀ kékeré onírímóòtù tí a kò ṣe fún eré sísá. Ó ń rọra gun òkúta ni. Tèmi jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi, ó sì wúwo tó kílò mẹ́ta. Táyà rẹ̀ rọ̀, mo tún lẹ òjé mọ́ inú wíìlì iwájú kó lè di òkúta mú dáadáa. Jẹ́jẹ́ ló ń lọ, nítorí náà mọ́tò rẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀. Servo ló ń ṣe làálàá. Ọkọ̀ tó ń sáré lórí ọ̀dà, táyà rẹ̀ ti ń yí kí servo tó darí rẹ̀, ó fúyẹ́ lọ́wọ́. Crawler kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa dúró gbọn-in, tí òkúta á fún táyà láti ìhà méjèèjì, tí àwa á sì máa pàṣẹ fún servo pé kó yí i tipátipá. Servo tí a bá ní kó yí tí kò ríbi yí sí, gbogbo iná tó bá rí nítòsí ló máa fà.

Servo tèmi jẹ́ ti 25 kg. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá so ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì kọ́ apá rẹ̀ ní ibi tó jìnnà sí àárín ní sẹ̀ǹtímítà 1, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ dópin sí. Ẹ wo ohun tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Irú agbára bẹ́ẹ̀ kò lè wá láti inú afẹ́fẹ́. Bó bá há, ó lè fa áńpù 2 sí 3 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn tó lágbára jù ú lọ sì máa ń fa 4 tàbí 5.

Ibo ni iná yẹn ti ń wá? Nígbà kan, bátìrì méjì ni wọ́n máa ń fi sínú ọkọ̀ onírímóòtù: ńlá fún mọ́tò, kékeré fún rìsífà àti servo. BEC ló lé bátìrì kékeré náà lọ. Ó ń gba iná bátìrì ńlá, ó ń dín in kù sí 5 tàbí 6 fóltì, ó sì ń pín in fún àwọn nǹkan kéékèèké. Lónìí, inú ESC, ẹ̀rọ tó ń darí iná mọ́tò, ni wọ́n sábà máa ń kó BEC sí. Ti inú ESC mi, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé 6V, 3A.

Iṣẹ́ inverter àti sólà ni mo ń ṣe ní Kubwa, mo sì ti ń ṣe é fún ọdún 11. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí oníbàárà kan kì í pè mí pé fíríìjì òun ń kùn ṣùgbọ́n kò tutù, tàbí pé ẹ̀rọ omi òun kò gbé omi mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni pé màá ki mítà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, màá ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, màá sì wo iye fóltì tó kù nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Bí a bá wọn iná nígbà tí ohunkóhun ò fà á, irọ́ ló máa pa fún wa. Nígbà tí mo darí láti Mpape lọ́jọ́ náà, mo bi ara mi léèrè ìdí tí n kò fi tíì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ mi.

Mo gbé e sórí tábìlì. Mo ki ẹnu mítà bọ ojú ihò tó ṣófo lára rìsífà, ọ̀kan sí pupa, ọ̀kan sí dúdú. 5.9 fóltì. Ó dára. Mo ní kí àbúrò mi fi ọwọ́ méjèèjì di táyà iwájú mú kó má jẹ́ kó yí. Mo yí rímóòtù dé òpin. Mítà já sí 4.4. Mítà mi ní bọ́tìnnì kan tó ń ṣọ́ iye tó kéré jù lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, a tún un ṣe: 3.7. Rìsífà mi, Flysky FS-GR3E, 4.5 sí 6.5 fóltì ni ẹni tó ṣe é kọ pé kó máa jẹ. Kò sí ohun tó tún kù láti wádìí. Gbogbo ìgbà tí táyà bá há ni servo ń gba oúnjẹ lẹ́nu rìsífà.

Ẹni tó bá ti gbé ní ilé onífèésì kan tí àwọn ará ilé pọ̀ níbẹ̀ mọ ohun tí mo ń sọ. Iná wà, gílóòbù ń tàn. Aládùúgbò ki àyọ́ọ̀nù rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, gílóòbù yín á pọ́n, fáànù á máa yí bí ẹni tó ń sùn. Hááfù kọ́ráǹtì dé. Servo ni àyọ́ọ̀nù aládùúgbò, rìsífà ni gílóòbù. Bí ẹ bá lọ ra àyọ́ọ̀nù tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣé gílóòbù á wá mọ́lẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá? Ohun tí mo ṣe nìyẹn ní ẹ̀ẹ̀mejì tí mo pààrọ̀ servo.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú kàpásítọ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dámọ̀ràn rẹ̀: kàpásítọ̀ 4700 µF, 16V, tí a fi lẹ́ẹ̀dì jó mọ́ wáyà servo tí a sì ki bọ ihò tó ṣófo lára rìsífà. Ó ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀. Iye tó kéré jù lọ gòkè láti 3.7 sí 4.1. Ṣùgbọ́n ìkòkò omi ni kàpásítọ̀, kì í ṣe kànga. Ó lè dí àlàfo ìṣẹ́jú-akàn kékeré. Bí servo bá há fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, omi inú ìkòkò á tán.

Lẹ́yìn èyí ni mo ra BEC kan tó dá dúró, tí kò sí nínú ESC, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ₦9,500, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Wuse. N kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, kò sì sí orúkọ ẹni tó ṣe ọjà náà lára rẹ̀. 5A ni wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ gàdàgbà. Ó ní pín-ìn kékeré tí a lè ṣí nípò láti yan 5V tàbí 6V. Pẹ̀lú bátìrì LiPo 2S, ìyẹn onísẹ́ẹ̀lì méjì, inú mi dùn sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo wá fi bátìrì 3S sí i ní ọ̀sán oṣù kẹta, ẹ sì mọ bí oòrùn Abuja ṣe ń rí ní oṣù kẹta. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi gbóná tí ọwọ́ kò ṣeé fi kàn án, ó sì pa ara rẹ̀. Mo dúró kó tutù, ó tún tàn. Ó tún kú. Nílé, mo fi bíléèdì ya rọ́bà dúdú tó bò ó. Okùn kọ́pà tí wọ́n wé sínú rẹ̀ tín-ín-rín bí irun, ẹ̀rọ dúdú tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an kò ju èékánná ìka kékeré lọ, kò sì sí irin kankan tó lè gba ooru kúrò lára rẹ̀. 5A yẹn kì í ṣe ohun tó lè gbé láì dúró.

Ó yẹ kí n sọ nípa ooru yìí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó yín máa ń gbà lọ. Oríṣi BEC méjì ló wà. Ti àtijọ́ ń fi iná tí kò nílò ṣòfò, ó ń sọ ọ́ di ooru. Ẹ mú bátìrì 3S tó kún: 12.6 fóltì. Ẹ fẹ́ 6. 6.6 tó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ lọ síbì kan. Bí servo bá ń fa áńpù 2, wáàtì 13.2 ni ooru tó máa jáde lára nǹkan kékeré yẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àyọ́ọ̀nù kékeré tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, èyí tó jẹ́ wáàtì 15. Oríṣi kejì kì í sun àṣẹ́kù níná. Ó ń tan iná, ó ń pa á, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, okùn kọ́pà tó wé mọ́ irin á sì sọ títàn-pípa yẹn di iná tó dúró déédéé. Bí charge controller MPPT ṣe ń ṣe pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì sólà nìyẹn. Oríṣi kejì yìí ni gbogbo ẹni tó ń lo 3S gbọ́dọ̀ rà, kó sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe dáadáa. Ti ₦9,500 yẹn náà wà lára oríṣi kejì. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni kò dára.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ láti Texas ní oṣù kẹrin, òun ló bá mi mú CC BEC wá. N kò rí i lórí igbá ẹnikẹ́ni ní Abuja, bí mo ṣe wá a tó. Ohun kékeré ni, ó gùn bí ìka ọwọ́ ọmọdé, wọ́n fi rọ́bà bò ó. Wáyà méjì tó nípọn jáde láti apá kan, pupa àti dúdú, láìní púlọ́ọ̀gì. Láti apá kejì, wáyà servo lásán pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Bátìrì tó bá wà láàárín 2S sí 6S ló lè jẹ, kò gbọ́dọ̀ ju 25.2 fóltì lọ. Iná tó ń tú jáde, a lè yí i láti 4.8 títí dé 9 fóltì. 10A tó wà nínú orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti ìṣẹ́jú-akàn tí iṣẹ́ bá le jù. Iye tó lè gbé láì dúró kéré sí i, ó sì sinmi lórí bátìrì tí ẹ fi sí i àti afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i. Ẹ má kàn gbára lé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ọjà yòówù, ti Castle pàápàá.

Iṣẹ́ síso rẹ̀ kò gba wákàtí kan, ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú rẹ̀ tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò. Mo gé rọ́bà ara wáyà tó ń lọ láti bátìrì sí ESC, ní ibi tó sún mọ́ púlọ́ọ̀gì XT60. Mo jó wáyà pupa BEC mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, mo fi rọ́bà ìsúnkì bò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà fojú kan ara wọn. Bátìrì kò sí nítòsí gbogbo ìgbà tí mo ń ṣe èyí. Iná bátìrì LiPo kì í dáríjì ẹni tó bá fi wáyà méjèèjì kan ara wọn.

Ibi tí mo ń sọ nìyí. Wáyà mẹ́ta ló wà lára púlọ́ọ̀gì kékeré tó ń lọ láti ESC sí rìsífà: dúdú, pupa, funfun. Funfun ló ń gbé àṣẹ, dúdú ni ilẹ̀ (ground) wọn, pupa ló ń gbé iná BEC inú ESC wá. Bí ẹ bá fi BEC tuntun sí i tí ẹ kò yọ pupa yẹn, BEC méjì ló máa máa ti ara wọn. Èyí tí fóltì rẹ̀ bá ga díẹ̀ ló máa ru gbogbo ẹrù, wọ́n sì lè ba ara wọn jẹ́. Mo jókòó sábẹ́ iná tábìlì, mo mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Lára púlọ́ọ̀gì dúdú náà, pẹpẹ pílásítíìkì tín-ín-rín mẹ́ta wà, tí kò fẹ̀ ju hóró ìrẹsì lọ, ọ̀kan fún wáyà kan. Mo fi orí abẹ́rẹ́ gbé ti àárín sókè díẹ̀, jẹ́jẹ́, torí bó bá kán, púlọ́ọ̀gì náà bàjẹ́ nìyẹn. Mo fa wáyà pupa sẹ́yìn. Ó kọ́kọ́ lọ́ra, ó wá yọ pẹ̀lú irin wúrà kékeré tó wà lórí rẹ̀. N kò gé e. Mo yí i padà sẹ́yìn, mo fi rọ́bà ìsúnkì bo irin rẹ̀, mo dè é mọ́ ara wáyà tó kù. Bí mo bá fẹ́ dá a padà lọ́la, ó wà níbẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ESC padà sínú rìsífà pẹ̀lú dúdú àti funfun nìkan; púlọ́ọ̀gì CC BEC wọ ihò bátìrì.

Bó ṣe wà nígbà tí wọ́n fi ránṣẹ́, 5.1 fóltì ló ń tú jáde. Mo kọ́kọ́ lò ó bẹ́ẹ̀. Mítà kọ 5.1. Àbúrò mi di táyà mú, mo yí rímóòtù dé òpin, mítà kọ 5.0. Mo tẹ bọ́tìnnì tó ń ṣọ́ iye tó kéré jù: 4.8. Àbúrò mi wò mí, mo wò ó. Táyà fà á lọ́wọ́ pẹ̀lú agbára tí kò ní rí, bẹ́ẹ̀ ni servo kan náà tó ní ó ti jó ló ṣe é.

Ohun tí n kò fẹ́ràn wà níbi yíyí fóltì. Kò sí bọ́tìnnì, kò sí pín-ìn tí a lè ṣí nípò. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní Castle Link, tí a ń ki bọ USB kọ̀ǹpútà Windows, wọ́n sì ń tà á lọ́tọ̀. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lè yá a lọ́wọ́ aládùúgbò tàbí kó rà á ní kíá. Níhìn-ín, n kò mọ̀ ju ẹnì kan tó ní in lọ, ó sì gba ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wá sí Kubwa. Tí mo bá tún máa rà á, òun àti Castle Link rẹ̀ ni yóò jọ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tó dé, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo yan 6.0, mo fi ránṣẹ́ sínú BEC, ó tán.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 6.0 tí kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ? Àbúrò mi béèrè, torí ó ti rí ibi tí àwọn kan ti ń fi 7.4 ru servo. Mo fi ohun tí a kọ sára rìsífà hàn án: kò gbọ́dọ̀ ju 6.5 lọ. Servo mi pàápàá, 6.8 ni òpin rẹ̀. Ará Gwarinpa kan tí a jọ máa ń pàdé lórí òkúta ra servo alágbára tó ń jẹ 8.4, ó yí BEC rẹ̀ sí 8.4, ó sì gba inú rìsífà kọjá. Servo rẹ̀ yè, rìsífà jó. Bí ẹ bá ní servo tó ń jẹ fóltì gíga, ẹ jẹ́ kí BEC tuntun bọ́ servo nìkan: wáyà pupa servo lọ tààrà sí pupa BEC, funfun servo lọ sí rìsífà, kí dúdú gbogbo wọn sì pàdé. Nígbà yẹn, ẹ kò ní yọ pupa ESC o, torí òun ni yóò máa bọ́ rìsífà. Dúdú yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Bí rìsífà àti servo kò bá ní ilẹ̀ kan náà, àṣẹ tó ń wá láti wáyà funfun kò ní ohun tí wọ́n fi máa wọ̀n ọ́n, servo á kàn máa gbọ̀n.

Nǹkan mìíràn tí ẹni tó ń lo 2S gbọ́dọ̀ mọ̀: BEC irú èyí ń dín iná kù ni, kì í fi kún un. Bátìrì 2S tó kún jẹ́ 8.4. Nígbà tó bá ń lọ sí òpin, tí ẹ sì tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, ó lè wà ní 6.6. Bí ẹ bá ti yí BEC sí 7.4, ibo ló ti fẹ́ rí 7.4 fún yín? Ní 2S, 6.0 ló ṣeé gbára lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bátìrì.

Láti oṣù karùn-ún, mo ti gbé ọkọ̀ náà lọ sí Mpape lẹ́ẹ̀mẹ́fà, mo gbé e lọ sí àwọn òkúta ìsàlẹ̀ òkè Katampe lẹ́ẹ̀mejì, mo sì máa ń gbé e gun àwókù òkúta ẹ̀yìnkùlé wa ní ìrọ̀lẹ́. Òkúta granite ilẹ̀ Abuja yìí dára fún crawler ju ohunkóhun lọ: ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun, táyà ń dì í mú, kì í ṣeé rún. Bí òjò bá ti rọ̀ ni ó ń yọ̀. Rìsífà kò tíì kú lẹ́ẹ̀kan rárá. Mo ní ohun èlò tí mo fi ń wo ooru bátìrì inverter láti òkèèrè. Ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú 3S, lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú lórí òkúta, mo tọ́ka rẹ̀ sí CC BEC: 52 lórí ìwọ̀n Celsius. Ti ₦9,500 ọjọ́sí, èmi ò lè fi ọwọ́ kàn án.

Omi ni mo ṣì ń ṣọ́ra fún. Èyí tí mo rà kì í ṣe irú èyí tí omi kò lè wọ̀. Mo fi sílíkọ́ọ̀nù dí ẹnu rọ́bà rẹ̀ méjèèjì, mo sì so ó mọ́ òkè mọ́tò níbi tí omi ẹsẹ̀ táyà kò ti lè ta bá a. Mo jìnnà sí adágún Crush Rock. Mo tún so ó jìnnà sí eriali rìsífà, torí títàn-pípa tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan lè dí rìsífà lọ́wọ́. Bí òrùka irin dúdú tí wáyà gba inú rẹ̀ bá wà lára BEC yín, ìdíwọ́ yẹn ló wà láti dín kù, ẹ má yọ ọ́ torí pé ó ń gba ààyè.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló nílò rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo servo tó bá ọkọ̀ yín wá láti páálí, lórí 2S, tí ọkọ̀ kò sì kú rí, ẹ fi owó yín ra táyà. Kí ẹ sì tó ra ohunkóhun, ẹ wo bí ẹ ṣe ṣètò òpin yíyí lórí rímóòtù. Bí servo bá ń kùn bí oyin nígbà tí ẹ yí táyà dé òpin tí òkúta kankan kò sì sí níbẹ̀, irin ìdarí ló ti kan ara ọkọ̀, servo sì ń jà lásán. Ẹ dín òpin náà kù títí kíkùn yóò fi dáwọ́ dúró. Ọ̀fẹ́ ni. Ó gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ ìnáwó tí mo ṣe yìí.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi servo 20 kg sókè sí i, tí ẹ sì ń lo BEC inú ESC tó jẹ́ 3A, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn iná yín pẹ̀lú táyà tó há. Mítà olówó pọ́ọ́kú tó fún iṣẹ́ náà. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kó owó oṣù wọn sórí servo, tí wọ́n á jù ú nù lẹ́yìn oṣù kan pé kò dára, nígbà tó jẹ́ pé a kò fún un jẹ.

Sátidé tó kọjá, mo padà sí òkúta àkọ́kọ́ yẹn, èyí tó takìtì lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ Mpape mẹ́rin kan wá dúró, ọ̀kan nínú wọn kí wa "Sannu da aiki," ìyẹn ẹ kú iṣẹ́ ní èdè Hausa. Mo darí ọkọ̀ gba ọ̀nà kan náà, táyà òsì wọ àárín òkúta méjì náà, ó há. Mo yí rímóòtù sí ọ̀tún. Servo dún lóhùn kíkẹ̀, ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó ń jẹ hááfù kọ́ráǹtì. Iná rìsífà kò ṣẹ́jú. Òkúta kékeré tó wà lápá ọ̀tún ló ṣípò, ó yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀, táyà sì yọ. Àwọn ọmọ náà pariwo.

Àbúrò mi kò sọ nǹkan kan títí a fi dé inú ọkọ̀ ilé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo ni wọ́n tún ń bọ̀ láti Texas?" Oṣù kejìlá ni mo sọ fún un. Ó ti kó owó tirẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ti Castle Link pẹ̀lú.